Àmì Ohùn Tí Mo Fi Sí Ọ̀rọ̀ Bàbá Bámgbóyè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Olùkọ́ ni mí. Mojírádé Ọlálérè ni mo ní kí wọ́n kọ síbí, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

N kò jalè. N kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni mo fi sórí lẹ́tà kan, àmì yẹn ló sì gba ìwé tí arúgbó kan fi ọdún mọ́kànlélógún kọ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó kọ ọ́ fún.

Mo ti gbìyànjú láti pa àmì náà rẹ́. Kò parẹ́.

Ní ọdún 2018, mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo ń wádìí ni bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe máa ń kọ "ulé" dípò "ilé", "uṣu" dípò "iṣu", "uná" dípò "iná", nínú ìdánwò Yorùbá. Mo fẹ́ fi hàn pé èdè tí wọ́n ń sọ nílé ló ń fà wọ́n sẹ́yìn.

Dókítà Fáníyì ni alábòójútó mi. Ó ka orí kejì iṣẹ́ náà tán, níbi tí mo ti to orúkọ àwọn tó ti ṣe irú ìwádìí yìí rí, ó rọra tì í padà sí mi lórí tábìlì.

"Mojírádé, ará Kánádà wà níbí. Ará Gúúsù Áfíríkà wà níbí. Ará Èkìtì dà?"

"Mo wá a, sà. N kò rí i."

"Àwa tá a máa ń sọ̀rọ̀ tó báyìí? Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan rí?"

"Màá tún wá a, sà."

"Ọjọ́ Ẹtì. Bí n kò bá rí ará Èkìtì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọjọ́ Ajé ló sọ ọ́. Nígbà tó di Ọjọ́rú, n kò tíì rí ẹnì kankan. Mo gba ọ̀dọ̀ Gbọ́láhàn lọ ní láíbìrì. Òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó wo ohun tí mo ń tẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó fa àga sún mọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ kàn ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ wá ń retí kó gbé gbogbo ayé wá bá yín. Ẹ jẹ́ ká tọpa ìtọ́kasí."

"Kí nìyẹn?"

"Bí ìgbà téèyàn ń wá mọ̀lẹ́bí ni. Ẹ mú ìwádìí kan tó sún mọ́ tiyín. Ẹ wo ìparí rẹ̀. Àwọn tó tọ́ka sí, àwọn bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ bá àwọn bàbá, ẹ wo àwọn tí àwọn náà tọ́ka sí, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. Ìyẹn ni lílọ sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síwájú, ẹ tẹ ibí yìí. Á kó gbogbo àwọn tó ti tọ́ka sí i látìgbà tó ti jáde sílẹ̀ fún yín. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn."

"Èyí tí kò bímọ ńkọ́?"

"Ó pọ̀, Àǹtí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé."

A bẹ̀rẹ̀ látorí ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Ìbàdàn. A lọ sẹ́yìn. Ní ojú ìwé rẹ̀ tó kẹ́yìn, láàárín àwọn orúkọ òyìnbó, mo rí i:

BAMGBOYE (1986). EDE ULE O BA EKO OMO JE.

Orúkọ jọ́nà kan, ìwé àkójọ ìwádìí, tẹ̀ lé e, ti ẹgbẹ́ àwọn tíṣà kan tó ti tú ká tipẹ́. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Taipuráítà ayé ìgbà yẹn kò ní in.

Gbọ́láhàn kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Èdè ulé ò ba ẹ̀kọ ọmọ jẹ́. Ẹ̀kọ mímu ni àbí?"

"Ẹ̀kọ́ ni, jọ̀wọ́."

"Ó lè jẹ́ Èkó náà. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe èdè ulé ló bà á jẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo tún un wò, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti rí ibi tó wà. Bí o tó wà láàárín yẹn bá jẹ́ "ò", ohun tí ọkùnrin náà ń sọ ni pé èdè ilé kì í ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́. Bó bá jẹ́ "ó", ó ń sọ pé èdè ilé, òun gan-an ló ń bà á jẹ́. Lẹ́tà kan náà ni. Ọ̀kan ta ko gbogbo iṣẹ́ mi. Ọ̀kan gbè é lẹ́yìn.

"Gbọ́láhàn, o kà á bíi 'ò'."

"Bó ṣe wá sí mi lẹ́nu ni."

"Ṣé kò lè jẹ́ 'ó'?"

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi. "Ó lè jẹ́ ẹ. Àfi ká ka inú rẹ̀."

A wá inú rẹ̀. Kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sí nínú láíbìrì wa. Gbọ́láhàn pe ẹnì kan ní Adó, ìyẹn náà kò ní in.

"Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé," ló sọ. "Hẹ́dímásítà Bámgbóyè ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àbúrò ìyá mi ti kàwé níbí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Àgbàdo. Ẹ wọ takisí dé Adó, kẹ́ ẹ wọ òmíràn, yóò gba Ìjàn àti Ìlúmọba kọjá. Kò lè gbà yín ju wákàtí méjì lọ."

Ọjọ́bọ̀ mi ṣófo. N kò ní kíláàsì kankan lọ́jọ́ náà.

Mo sọ fún ara mi pé òjò lè rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé arúgbó náà lè máà rántí mọ́. Ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn, tí mo sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín báyìí, ni pé ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọ pé "ò" ni. Bí n kò bá lọ, kò ní lè sọ ọ́ fún mi.

Mo mú bírò, mo fa àmì òkè sórí o náà. Mo kọ ọ́ pé Bámgbóyè, ọmọ Èkìtì, ti sọ láti ọdún 1986 pé èdè ulé, ó ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́. Mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, kí ó má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà Fáníyì fi ìka kan orúkọ náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ni mo ń wí. O rí ìwé náà kà?"

"Mo rí i, sà."

Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Mo gba oyè. Ní 2020, mo gé orí kejì yẹn kúrò, mo sọ ọ́ di àpilẹ̀kọ, jọ́nà kan sì gbé e jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀, kí n tó mu tíì, mo máa ń tẹ ibi tí Gbọ́láhàn kọ́ mi láti tẹ̀, kí n mọ iye àwọn tó ti tọ́ka sí mi.

Ẹnì kan. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi.

Mẹ́rin. Dókítà Fáníyì yìn mí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa.

Mọ́kànlá. Inú mi dùn, mo jókòó láti ka ohun tí wọ́n fi mí sọ.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé Bámgbóyè ti rí i pé èdè ilé ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Kò burú, ohun tí mo kọ nìyẹn. Ẹnì kejì kọ ọ́ pé Bámgbóyè yẹ igba ọmọ wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Igba ọmọ. Níbo ló ti rí igba ọmọ? Ẹnì kẹta sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóyè.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka ọkùnrin náà. Èmi ni wọ́n kà. Èmi náà kò sì kà á.

Mo lè kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ yẹn. Mọ́kànlá péré ni wọ́n. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ẹni tó sọ̀rọ̀ igba ọmọ. Mo dé ibi tó yẹ kí n ti sọ bí mo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni. Mo pa lẹ́tà náà rẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Alàgbà Stephen pè mí lórí fóònù. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àwọn ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa.

"Dókítà, a fẹ́ kí ẹ wá là wá lọ́yẹ̀."

"Lórí kí ni, sà?"

"Ìwé àwọn ọmọdé kan. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀ jù wá lọ."

Mo wọ aṣọ tó dára. Mo dé yàrá ìpàdé, mo bá àwọn mẹ́fà nídìí tábìlì. Ní apá kejì, bàbá arúgbó kan jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Hẹ́dímásítà Bámgbóyè nìyí," ni Alàgbà sọ fún mi. "Ọmọ wọn nìyí, Tíṣà Monísọ́lá."

Mo fa àga, mo jókòó.

Ìwé náà wà lórí tábìlì. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn àwòrán rẹ̀. Lápá òsì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń sọ nílé. Lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ tí ilé ìwé fẹ́. Ulé níbí, ilé lọ́hùn-ún. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó gbé wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, á sì rìn dé ìkejì. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe é. Ilé ìwé mẹ́ta ní Ìkẹ́rẹ́ ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù kẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ yìí ló máa fọwọ́ sí i.

"Bàbá, ìwé yín wù wá," ni Alàgbà wí. "Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì dá a sílẹ̀."

"Èmi?"

Alàgbà gbé bébà kan sókè. Mo mọ bébà náà. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé Bámgbóyè sọ ní 1986 pé èdè ulé máa ń ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́."

Bàbá fi ọwọ́ gbá etí mú. "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Bámgbóyè wo?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Òdì kejì rẹ̀ ni mo sọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni mo wá ń fi ọdún mọ́kànlélógún ya àwòrán fún?"

"Bàbá, àwọn onímọ̀ méjìlélógún ló sọ pé ẹ sọ ọ́."

"Wọ́n wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ ní ìwé tí ẹ kọ nígbà yẹn lọ́wọ́?"

"Ikán jẹ ẹ́. Ọdún tí a kó kúrò ní Ìkẹ́rẹ́."

"Ọdún wo nìyẹn, sà?"

Bàbá ronú. Ó na ìka, ó ká ìka. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Monísọ́lá, ọdún wo la kó?"

Mo rí i tí àwọn ìgbìmọ̀ ń wo ara wọn. Alàgbà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Ó ti pẹ́, Bàbá. Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé nǹkan. A dúpẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ka sí ìwé náà wà láàárín wa. Dókítà Ọlálérè ni. Ẹ̀yin ka ìwé Bàbá, àbí?"

Bàbá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ tàn. Ẹ gbọ́ mi o, kò bínú. Ó rò pé ẹlẹ́rìí òun ni wọ́n mú wá.

"Ìwọ lo kà á? O ṣeun, ọmọ mi. Sọ fún wọn."

Mo ń gbọ́ fáànù.

"Sọ fún wọn," ni Bàbá tún wí.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, sà," ni mo wí. "Ohun tí mo kọ yẹn ni mo rántí."

Bàbá ṣì ń wò mí, ó ń dúró de ìyókù. Nígbà tó rí i pé kò sí ìyókù, ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì.

Wọ́n dìbò. Márùn-ún sí ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n ṣì gbé ìwé náà tì ná. Monísọ́lá kó o jọ, ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì, ó dì í sínú ọ̀rá. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gbọ́láhàn pè mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà ní láíbìrì."

Ohùn rẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí. Mo wọlé, mo bá Monísọ́lá nídìí kọ̀ǹpútà náà gan-an. Bébà ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ó ti fi bírò kọ orúkọ méjìlélógún sí i, ó ti fa ìlà láti ara èyí sí ara ìyẹn.

"Ẹ jókòó, Dókítà."

Mo jókòó.

"Mo ní kí Gbọ́láhàn bá mi wá gbogbo àwọn tó tọ́ka sí bàbá mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ní ìwé náà lọ́wọ́, kí n lọ tọrọ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn. Àwọn mẹ́sàn-án ló dáhùn." Ó fi ìka lé orúkọ kan. "Eléyìí ní òun mú un lọ́dọ̀ eléyìí. Eléyìí ní ọ̀dọ̀ yín. Eléyìí, ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó sọ pé igba ọmọ ni, ó ní òun kò rántí. Ẹ máa wo ibi tí ìlà ń lọ."

Mo ń wò ó. Gbogbo ìlà ń lọ síbì kan.

"Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wọn dúró sí. Ṣáájú yín, ẹnì kan ṣoṣo ló wà, ọ̀jọ̀gbọ́n ti Ìbàdàn. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn náà kò ka inú rẹ̀, àkọlé ni àwọn rí nínú àtòjọ kan. Wọn kò fi àmì sí i. Wọn kò túmọ̀ rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín pé 'ó' ni?"

Gbọ́láhàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àǹtí, mo sọ fún yín nígbà yẹn pé àfi ká ka inú rẹ̀," ló wí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ dárúkọ ẹni tó sọ fún yín, Dókítà."

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi."

"Ẹ kò ka ìwé náà."

"N kò kà á."

"Ẹ sì wo bàbá mi lójú lọ́jọ́ yẹn."

"Mo wò wọ́n."

Ì bá ṣe pé ó pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó ká bébà náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin.

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Èmi ò ní lè sọ ọ́. Wọ́n ṣì ń bi mí pé ṣé ọmọ tó ka ìwé àwọn yẹn kò tíì rántí."

Mo lọ sí Àgbàdo lọ́jọ́ kejì. Ìrìn àjò náà gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Mo wo aago.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n dìde, ó ní sìmẹ́ńtì náà tutù.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, Bàbá."

"Nígbà tí o wà ní kékeré, kí lò ń pe ibi tí ò ń sùn?"

"Ulé, sà."

"Ó ba ẹ̀kọ́ rẹ jẹ́?"

Ọ̀mọ̀wé ni mí.

Ó ní kí n lọ bá Alàgbà. Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà.

"Alàgbà, mo ṣì í kọ. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá."

"Dókítà, àánú Bàbá ń ṣe yín. Ó ń ṣe èmi náà."

"Kì í ṣe àánú, sà. N kò ka ìwé náà."

"Àwọn méjìlélógún ńkọ́? Gbogbo wọn ò kà á?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti mú un."

Ó wò mí pẹ̀lú ìfẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ ni. "Ọkàn tó dára lẹ ní. Ẹ lọ sinmi. A ti ra ìwé mìíràn fún àwọn ọmọ náà."

Mo bá Dókítà Fáníyì. Ó ti ilẹ̀kùn. "Ta lo ti sọ ọ́ fún?"

"Alàgbà Stephen, sà."

"Ó gbà ọ́ gbọ́?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

N kò fi í sílẹ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn méjìlélógún. Ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ìwé tòun ti jáde, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ẹnì kan béèrè bóyá mo lè bá òun ka àpilẹ̀kọ òun tuntun. Àwọn yòókù kò dáhùn.

Mo kọ̀wé sí jọ́nà náà. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, olóòtú wọn gbà láti gbé àtúnṣe kékeré jáde. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkọlé rẹ̀, mo sì ṣàlàyé lábẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé mo ti ṣi ọkùnrin náà túmọ̀. Lọ́jọ́ tó jáde, mo ṣí i:

OLALERE (2024). ATUNSE: EDE ULE O BA EKO OMO JE.

Mo pe olóòtú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti yọ àmì ohùn kúrò."

"Ẹ̀rọ wa kì í gbà á, ma."

"Àmì yẹn ni gbogbo ohun tí mo ń ṣàtúnṣe."

"Ó wà nínú àlàyé yín lábẹ́, ma. Ẹni tó bá ka inú rẹ̀ á rí i."

Ẹni tó bá ka inú rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo tẹ ibi tí mo máa ń tẹ̀. Wọ́n ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan ti tọ́ka sí àtúnṣe mi. Mo ṣí i. Olùkọ́ kan ni, ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó kọ ọ́ pé Bámgbóyè ti sọ ní 1986 pé èdè ilé ń ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́, àti pé Ọlálérè tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2024.

Mo ti di ẹlẹ́rìí kejì sí irọ́ ara mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé fún oyè, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kàwé, ohun tí mo ní fún yín kò pọ̀. Bí ẹ bá tọpa ìtọ́kasí, ẹ tọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá ṣì wà láyé, ẹ wọ takisí. N kò lè ṣe é fún yín, n kò sì lè dá ẹnikẹ́ni padà mọ́.

Mo máa ń lọ sí Àgbàdo ní òpin oṣù. Monísọ́lá kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó máa ń gbé àga fún mi. Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, mo sọ ti olùkọ́ yẹn fún un.

"Ka àkọlé náà sókè fún mi," ló wí.

Mo kà á. "Èdè ulé ò ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́."

"O kà á dáadáa. Àwọn yòókù ńkọ́? Ta ni yóò dúró tì wọ́n láti kà á fún wọn?"

"Kò sí, sà."

Ó mi orí.

"Bí mo bá kú, ohun tí wọn yóò máa sọ pé mo sọ nìyẹn?"

Monísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ó fẹ́ kí n sọ pé rárá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ó ní kí n máa lọ, kí ọkọ̀ Adó tó tán lójú ọ̀nà.